Ọ̀nì Tó Kù ní Àbàtà Awoyaya

Àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan nínú oṣù kejì ọdún 1994 ni wọ́n bá òkú Jímọ̀ létí àbàtà tó wà lẹ́yìn Awoyaya. Ó dojú bolẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ọ̀tún wà nínú omi, àpá eyín sì jinlẹ̀ sí itan rẹ̀.

"Ọ̀nì ló pa á." Ohun tí gbogbo èrò ń wí nìyẹn kí Ìnsípẹ́kítọ̀ Rẹ̀míláyọ̀ Ọdúnjọ tó dé láti àgọ́ ọlọ́pàá Ajah.

Sìmbíátù, àbúrò olóògbé, jókòó sórí yanrìn. Ohùn rẹ̀ ti há.

"Ọdẹ ọ̀nì ni ẹ̀gbọ́n mi, Màdáàmù. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, ọkọ̀ ojú omi máa ń kó awọ lọ sí Èkó láti ibí, àpò lórí àpò. Wọ́n ní òyìnbó ń fi ṣe bàtà àti báàgì. Wọ́n pa ọ̀nì títí omi fi dákẹ́. Abo kan ṣoṣo ló kù. Láti ọdún mẹ́fà tí ẹ̀gbọ́n mi ti gbé ìbọn sílẹ̀ ló ti ń ṣọ́ ọ kí ẹnikẹ́ni má baà pa á. Ẹ wá wò ó, òun náà ló wá pa á!"

Rẹ̀míláyọ̀ lóṣòó ti òkú náà. Ọmọ apẹja Ẹ̀pẹ́ ni. Ó ti rí ẹni tí ọ̀nì gbá mú rí. Ọ̀nì a máa yí ohun tó bá mú ni, ẹran á sì ya. Ihò tó wà ní itan yìí gún régé, ìlà méjì, àlàfo kan sì wà nínú ìlà òkè bíi pé eyín kan kò sí níbẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ kò tó nǹkan.

Ó yí orí òkú náà. Ẹ̀yìn etí wú, ó dúdú. Nǹkan funfun wóró-wóró lẹ̀ mọ́ ọrùn ẹ̀wù. Ó fi ìka kàn án, ó fi kan ahọ́n.

Iyọ̀ ni. Bẹ́ẹ̀ omi àbàtà yìí kò níyọ̀. Òun làwọn obìnrin ibẹ̀ ń pọn mu.

Ó dìde, ó rìn yí etí omi ká. Níbi òkìtì koríko kan, awọ́nríwọ́n méjì ń jẹ ẹyin ọ̀nì nínú oòrùn gbangba. Wọ́n wò ó, wọ́n sì ń jẹun lọ. Èèpo ẹyin mìíràn ti gbẹ, èèrà ti bò ó.

Abo ọ̀nì kì í jìnnà sí ẹyin rẹ̀. Bí awọ́nríwọ́n bá ti ń jẹ ẹ́ láti bí ọjọ́ méjì, tí ẹnikẹ́ni kò lé wọn, a jẹ́ pé ìyá ẹyin ti kú ṣáájú Jímọ̀. Ta ló wá bu ọkùnrin yìí jẹ?

Dókítà tó wo òkú náà lọ́sàn-án fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ajé ni Jímọ̀ kú, àpá eyín náà sì dé ara rẹ̀ lẹ́yìn ikú.

Kàmál ni Rẹ̀míláyọ̀ kọ́kọ́ pè. Ìdílé rẹ̀ ló ni àbàtà náà, wọ́n sì ti tà á fún àwọn tó fẹ́ kọ́lé.

"Wọ́n ní o bá Jímọ̀ jà."

"Mi ò sẹ́, Màdáàmù. Ẹ̀ẹ̀mejì ni bàbá yẹn hú òpó tí sọ́fíà rì láti fi pààlà ilẹ̀ wa. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ ti di títà. Ó wà láyé o, kò sí láyé o, tírélà yanrìn ń bọ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Kí ni n ó fi ikú rẹ̀ ṣe?"

"Níbo lo wà nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Ajé?"

"Ìkòyí, lọ́dọ̀ oníbàárà wa. Ẹ tẹ̀ wọ́n láago."

Ó tẹ̀ wọ́n láago. Òótọ́ ni.

Ẹni tó bá pa abo ọ̀nì náà á fẹ́ ta awọ rẹ̀. Rẹ̀míláyọ̀ kọjá sí ṣọ́ọ̀bù Oyèbámijí tó ń ra awọ ẹran ní Ajah. Awọ òjòlá àti ti awọ́nríwọ́n ni wọ́n ká jọ síbẹ̀.

"Ọ̀gá, ìgbà wo lẹ ra awọ ọ̀nì kẹ́yìn?"

"Á tó ọdún méjì. Kò sí mọ́. Nígbà kan, ṣọ́ọ̀bù yìí kì í gbà á."

Rẹ̀míláyọ̀ wo ilẹ̀. Ó mọ́ tónítóní. "Ibo lẹ ń kó iyọ̀ sí?"

"Iyọ̀ kẹ̀? Èmi kì í ra awọ tútù. Bàbá kan tó ń jẹ́ Abíọ́nà ní Awoyaya ló ń bó o, òun ló ń fi iyọ̀ pa á kó tó dé ọ̀dọ̀ mi. Ó ránṣẹ́ sí mi lọ́sẹ̀ tó kọjá pé kí n máa retí ohun ńlá kan. Mi ò bi í léèrè."

Abíọ́nà, ọkọ Sìmbíátù ni.

Bí Rẹ̀míláyọ̀ ṣe wọlé wọn, ògiri pálọ̀ ló gba ojú rẹ̀. Èéfín ti sọ ọ́ di dúdú, àfi ojú ibì kan tó funfun, tó gùn tó apá ènìyàn. Ìṣó kan wà lókè rẹ̀.

"Ẹ kú ọ̀fọ̀, Bàbá. Kí ló máa ń wà níbí yìí?"

"Kò sí nǹkan kan," ni Abíọ́nà wí.

Sìmbíátù gbójú sókè. "Agbárí ọ̀nì ńlá tí òun àti ẹ̀gbọ́n mi jọ pa lọ́dún tí mo wọlé ọkọ ni. Bàbá Bọ̀sún, ìgbà wo lẹ gbé e kúrò?"

Abíọ́nà yíjú sí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ilé.

"Ṣé eyín rẹ̀ pé?" ni Rẹ̀míláyọ̀ bi obìnrin náà.

"Ọ̀kan ti yọ lókè. Bọ̀sún ọmọ wa ló fi ṣeré nígbà tó wà ní..." Ó yíjú sí ọkọ rẹ̀. Ó fọwọ́ bo ẹnu.

Wọ́n rí àgbá kan lẹ́yìn ilé. Awọ ọ̀nì tútù wà nínú iyọ̀, wọ́n ká a dáadáa. Agbárí náà wà lábẹ́ rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ti gbẹ mọ́ eyín.

"Ọjọ́ Àìkú ni mo pa abo náà," ni Abíọ́nà wí. Kò gbójú sókè. "Mi ò lè dá a gbé, ni mo bá ń bó o síbẹ̀, mo ju ẹran rẹ̀ sínú omi. Lọ́jọ́ Ajé, Jímọ̀ bá mi níbi tí mo ti ń fi iyọ̀ pa awọ lára. Kò bú mi. Ó jókòó sílẹ̀, ó ń sunkún bí ọmọdé. Ó ní, 'Abíọ́nà, àwa méjèèjì la pa gbogbo wọn tán. Iṣẹ́ ibi la fi ayé wa ṣe. Màá máa sọ ọ́ fún ẹni gbogbo títí tí n ó fi kú.'"

"Ohun tẹ́ ẹ ṣe pa á nìyẹn?"

"Ogójì ọdún ni mo fi bó awọ, Màdáàmù! Láti ibí dé Ẹ̀pẹ́, kò sẹ́ni tó ń bó o bíi tèmi. Bó bá jẹ́ iṣẹ́ ibi ni, kí ni èmi wá jẹ́? Mo fa àjẹ̀ yọ nínú ọkọ̀ mi, mo gbá a lẹ́yìn etí. Nígbà tó ṣubú, mo fi ọwọ́ oníyọ̀ yẹn di ọrùn ẹ̀wù rẹ̀ mú, mo ní, 'Jímọ̀, dìde.' Kò dìde. Ẹ̀rù bà mí. Mo wá sílé wá gbé agbárí yẹn. Mo tẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn nítan. Mo ní kí wọ́n lè sọ pé ọ̀nì ni."

Rẹ̀míláyọ̀ tọ́ka sí awọ inú àgbá náà. "Bàbá, lẹ́yìn ẹyọ kan yìí, èwo lẹ tún fẹ́ bó?"

"Mi ò ronú débẹ̀," ni Abíọ́nà wí.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, Sìmbíátù gbé kúlà oúnjẹ wá sí àgọ́ ọlọ́pàá. Ojú rẹ̀ wú. Rẹ̀míláyọ̀ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ṣé kí n sọ fún ọkọ yín pé ẹ kí i?"

Obìnrin náà mi orí. "Kó ṣáà jẹun. Ẹ má sọ pé èmi ni. A ò tíì ṣe àdúrà ọjọ́ mẹ́ta ẹ̀gbọ́n mi."

Ó fa ìbòrí rẹ̀ wálẹ̀, ó sì bọ́ sí títì.