Àbúrò Tó Mú Ẹran Ńlá

“Ọmọ ọdún mélòó ni ẹ́?”

Ọkùnrin tó ń gba orúkọ wọn sílẹ̀ lẹ́bàá pápá ní Ìpetumodù kò tilẹ̀ gbójú sókè nígbà tó béèrè. Akóredé Awóyẹmí mọ̀ pé ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni òun, ìyá rẹ̀ mọ̀, gbogbo agboolé wọn ní Iremo ló mọ̀.

“Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, sà.”

“Ẹni tó kàn!”

Ẹni tó kàn ni Adéolúwa, àbúrò rẹ̀ gan-an. “Ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, sà,” ni ọmọ yẹn wí, òótọ́ ló sì sọ. Bí Akóredé ṣe di àbúrò fún àbúrò rẹ̀ nìyẹn, lọ́sàn-án gangan, láìsí pé ẹnikẹ́ni fipá mú un.

Kì í ṣe pé ọmọ náà kò lẹ́kọ̀ọ́ o. Bọ́ọ̀lù ló kó sí i lórí. Wíńgà ni, apá òsì ló ti máa ń gbá, bó bá sì ti gba bọ́ọ̀lù lẹ́bàá ìlà, ẹ̀yìn jẹ́sì rẹ̀ nìkan ni ẹni tó ń ṣọ́ ọ á máa rí. Láti kékeré ló ti ń sọ pé bọ́ọ̀lù lòun máa fi ṣiṣẹ́ ṣe. Nígbà tó gbọ́ pé ẹgbẹ́ ńlá kan láti Ìbàdàn ń bọ̀ wá ṣa àwọn ọ̀dọ́ jọ, òun ló sọ fún Adéolúwa, tó jẹ́ aṣọ́lé lórí pápá, pé kí àwọn jọ lọ. Àṣé àwọn tí kò tíì pé ọdún mẹ́rìndínlógún ni wọ́n ń wá.

Fọláránmi, ọ̀gbẹ́ni kan ládùúgbò tó ń pe ara rẹ̀ ní aṣojú àwọn agbábọ́ọ̀lù, fi ọ̀rọ̀ náà rẹ́rìn-ín. “Ìyẹn náà lo wá ń tìtorí ẹ̀ fajú ro? Gé mẹ́ta kúrò nínú ọjọ́ orí ẹ, kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Ìwé ọjọ́ ìbí, fìyẹn sílẹ̀ fún mi.”

Akóredé gbà. Inú ọkọ̀ tó ń gbé wọn lọ sí Ìpetumodù ló ti wá rántí pé ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni àbúrò òun tí àwọn jọ ń lọ. Ó sún mọ́ ọn létí.

“Gbọ́ o. Lónìí, o ò gbọdọ̀ pè mí ní bọ̀dá. Ìwọ ni ẹ̀gbọ́n.”

Adéolúwa la ẹnu sílẹ̀. “Èmi kẹ̀? Bọ̀dá mi, ṣé ara yín yá báyìí?”

“Mo ní má pè mí bẹ́ẹ̀! Akóredé ni kó o máa pè mí. Tí wọ́n bá mọ̀, wọ́n á lé mi, wọ́n á sì lé ìwọ náà.”

“Akó… Akóredé,” ni ọmọ náà sọ, ó sì yára wo ẹ̀yìn bí ẹni pé ìyá wọn lè gbọ́ ọ láti Iremo.

Ó yẹ kí ẹ mọ ìyá wọn. Olùkọ́ ni, òfin tó sì ń fi de àwọn ọmọ níléèwé kò tó ìdajì ti ilé rẹ̀. Àbúrò kò gbọdọ̀ la orúkọ mọ́ ẹ̀gbọ́n lórí. Àbúrò ló ń bu omi sí ẹ̀gbọ́n lọ́wọ́. Bí wọ́n bá ń jẹun nínú àwo kan náà, ẹ̀gbọ́n á kọ́kọ́ mú ẹran kí àbúrò tó fọwọ́ kàn án. Òun fúnra rẹ̀, Ìyá Akóredé ni wọ́n ń pè é láti ọjọ́ tó ti bí àkọ́bí rẹ̀. Ṣé kí wọ́n wá máa pè é ní Ìyá Adéolúwa ni?

Ẹni tó ń ṣàyẹ̀wò wọn ni Kóòṣì Láoyè, ọkùnrin gíga kan tó ti gbá wíńgà nílé àti lókè òkun kó tó padà sílé. Akóredé gbá bọ́ọ̀lù lọ́jọ́ náà débi pé àwọn tó wá wòran ń pariwo. Ó ń sá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà, ó ń gé wọlé, ó ń gbé bọ́ọ̀lù síwájú ilé fún àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Adéolúwa náà ò kẹ̀rẹ̀, ó fò mú bọ́ọ̀lù kan tí gbogbo èèyàn ti kà sí góòlù. Nígbà tí fèrè dún, ọkàn Akóredé ti balẹ̀. Ó rò pé ó ti parí.

Oúnjẹ ló kù. Dorcas, obìnrin tó ń se oúnjẹ fún ẹgbẹ́ náà, ń pín ẹ̀bà àti ọbẹ̀ ẹ̀gúsí lábẹ́ igi. “Àwo ò tó o,” ó ní. “Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jẹ́ ọmọ ìyá kan náà, ẹ jẹun pọ̀.” Ó gbé àwo kan fún wọn, ẹran méjì ló wà nínú ọbẹ̀ náà, ọ̀kan tóbi, èkejì kéré.

Ó ti rẹ̀ wọ́n, ebi sì ń pa wọ́n. Adéolúwa fi eyín ya omi inú ọ̀rá, ó da á sí Akóredé lọ́wọ́, kó tó fọ tirẹ̀. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun. Bí ẹ̀bà ṣe kù díẹ̀, Adéolúwa fa ọwọ́ sẹ́yìn, ó ń dúró. Akóredé náwọ́, ó mú ẹran ńlá, ó gé e jẹ. Ìgbà náà ni Adéolúwa tó mú èyí tó kéré.

“Ẹ gbà mí o!” ni ohùn kan wí lẹ́yìn wọn. Kóòṣì Láoyè ni, ìwé orúkọ wọn wà lọ́wọ́ rẹ̀. “Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi, mi ò rí irú èyí rí. Àbúrò ń mú ẹran ńlá, ẹ̀gbọ́n ń wò ó!”

Ẹran há sí Akóredé lọ́fun.

Kóòṣì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú Adéolúwa. “Ta ni ẹ̀gbọ́n nínú ẹ̀yin méjèèjì?”

“Èmi… èmi ni, sà.”

“Ọmọ ọdún mélòó ni ẹ́?”

“Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, sà. Òótọ́ ni, sà.” Omijé ti dé ojú ọmọ náà.

Láoyè dìde. “Ẹnì kan ń purọ́ fún mi níbí. Bí mi ò bá mọ ẹni náà, ẹ̀yin méjèèjì lẹ máa kó ẹrù yín.” Ó yíjú, ó ń lọ.

Akóredé wo àbúrò rẹ̀. Bí òun bá dákẹ́, òun ṣì lè gbìyànjú níbòmíràn, ṣùgbọ́n Adéolúwa tó sọ òótọ́ ni wọ́n máa lé bí òpùrọ́. Ojú tì í, àánú ọmọ náà sì ṣe é gidigidi. Ó sáré tẹ̀ lé kóòṣì, ó dọ̀bálẹ̀ sórí koríko.

“Ẹ jọ̀ọ́, sà, èmi ni mo purọ́. Èmi ni ẹ̀gbọ́n, ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni mí. Èmi ni mo ní kó bò mí láṣìírí. Ẹ má lé e, sà.”

“Dìde. Bọ́ jẹ́sì yẹn.”

Akóredé bọ́ ọ. Gbogbo èèyàn ń wò ó. Ó ká a, ó sì fi lé kóòṣì lọ́wọ́.

Láoyè mú un lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. “Ọdún márùn-ún lèmi gé ní tèmi,” ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́. “Nígbà tí wọ́n rò pé ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni mí lókè òkun, ẹsẹ̀ mi ti lé lọ́gbọ̀n. Wíńgà tí kò lè sáré mọ́, kí ló fẹ́ fi ṣe? Wọ́n ní ọ̀lẹ ni mí, wọ́n ní mò ń mutí. Mi ò sì lè sọ fún wọn pé ọjọ́ orí ló dé. Bí wọ́n ṣe lé mi nìyẹn. O lè fi ọjọ́ orí ẹ pa mọ́ fún mi, ọmọ yìí, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ẹ mọ̀ ọ́n.”

“Ẹ má bínú, sà.”

“Mo bínú. Ti òní ti bọ́ lọ́wọ́ ẹ, àbúrò ẹ nìkan ni mo mú. Àmọ́ lóṣù tó ń bọ̀, a máa ṣa àwọn tí kò tíì pé ọdún mọ́kàndínlógún ní Ìbàdàn. Àwọn tó lágbára jù ẹ́ lọ máa wà níbẹ̀. Tó o bá máa wá, mú ìyá ẹ dání, kó wá fẹnu ara ẹ̀ sọ ọjọ́ orí ẹ fún mi.”

Nílé, ìyá wọn pariwo títí ohùn rẹ̀ fi há. Fọláránmi náà gba tirẹ̀ níbẹ̀, kò sì gba iwájú ilé wọn kọjá mọ́. Ìyá wá dájọ́. “Ṣé àbúrò lo fẹ́ jẹ́? Ó dáa. Títí a ó fi lọ sí Ìbàdàn, Adéolúwa ni yóò máa mú ẹran ńlá nínú ilé yìí.” Ìyà náà dun Akóredé ju ẹgba lọ. Adéolúwa sì ń gbádùn ara rẹ̀, kí n má purọ́.

Nígbà tó yá, wọ́n lọ sí Ìbàdàn. “Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni,” ìyá sọ fún Láoyè. “Èmi ni mo bí i.” Àwọn tó wà níbẹ̀ lágbára lóòótọ́, wọ́n gbé Akóredé ṣubú lọ́pọ̀ ìgbà, ó sì ń dìde. Wọ́n mú un, bó tilẹ̀ jẹ́ pé lára àwọn tí yóò máa jókòó dúró lẹ́bàá pápá ló ti máa bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí akọ̀wé wọn bi í ní ọjọ́ orí rẹ̀, ó ti dáhùn kí ọkùnrin náà tó sọ̀rọ̀ tán.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń ka èyí, ẹ fọkàn sí i. Irọ́ tí Akóredé rò pé yóò fún òun ní ipò nínú ẹgbẹ́ kò fún un ní nǹkan kan. Ipò tó ti ní nílé ló kọ́kọ́ gbà lọ́wọ́ rẹ̀, díẹ̀ ló sì kù kó ba ti àbúrò rẹ̀ jẹ́. Òótọ́ ló dá tirẹ̀ padà, òun ló sì gba ti àbúrò rẹ̀ là.

Lálẹ́ ọjọ́ tí wọ́n ti Ìbàdàn dé, ìyá gbé ẹ̀bà sílẹ̀ fún wọn. Adéolúwa da omi sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ́wọ́. Nígbà tí ẹ̀bà kù díẹ̀, ó fa ọwọ́ sẹ́yìn.

“Bọ̀dá mi, ẹ mú tiyín.”

Akóredé wo ìyá rẹ̀, ìyá mi orí sí i. Ó mú ẹran ńlá, ó gé e jẹ, èyí sì gba ọ̀fun rẹ̀ kọjá wọ́ọ́rọ́wọ́.