Abẹ́rẹ́ Ìlulẹ̀kẹ̀ Mẹ́ta

Ẹni mẹ́rin ni ọ̀rọ̀ yìí kàn: Sàláúdéènì ará Ìlọrin, tí ó ni abẹ́rẹ́, Ọ̀jẹ̀túndé, fọ́mánù tí ó pàṣẹ, Hàmídù, tí ẹ̀rọ wà lọ́wọ́ rẹ̀, àti Rùkáyátù, ọmọ Sàláúdéènì, tí kò sí níbẹ̀ rárá.

Oṣù Kejìlá ọdún 1976 ni. Àlejò láti ilẹ̀ òkèèrè ń bọ̀ wá ṣe àjọ̀dún l'Ékòó lóṣù tí ó tẹ̀ lé e, ilé tí wọn yóò sùn sí ní Festac kò sì tíì parí. Ọkọ̀ òkun tí ó kó táìlì wá ṣì wà lójú omi Àpápá, ó tò sẹ́yìn àwọn ọkọ̀ sìmẹ́ǹtì. Páálí mẹ́rin péré ló kù fún àwọn balùwẹ̀. Èyí tí Hàmídù bá sì ti fi ẹ̀rọ oníná lu, kí wọ́n lè fi ìkọ́ táwẹ́ẹ̀lì sí i, sísán ni ó ń sán.

"Ẹni tó bá tún fọ́ ọ̀kan, kó gba ọ̀nà Alákijà lọ sílé," ni Ọ̀jẹ̀túndé wí.

Sàláúdéènì sọ yanrìn orí rẹ̀ kalẹ̀. "Ọ̀gá, ẹ fún mi ní ọ̀kan."

Lántànà, òkúta pupa tí ìyàwó ń so mọ́rùn n'Ílọrin, ni baba rẹ̀ ń lù jẹun, kí ìlẹ̀kẹ̀ oníke tó gba ọjà. Abẹ́rẹ́ irin mẹ́ta ni ó jogún. Alágbẹ̀dẹ tí ó rọ wọ́n ti kú. Ó tọ́jú wọn nítorí òkúta mọ́kànlá tí ó dì sétí aṣọ, ìlẹ̀kẹ̀ ìgbéyàwó Rùkáyátù, tí kò tíì lù.

Ó rẹ táìlì sómi, ó tẹ́ ẹ sórí yanrìn tútù, ó wé okùn ọrun mọ́ ọ̀pá abẹ́rẹ́ náà, ó ń fà á síwá-sẹ́yìn kí abẹ́rẹ́ lè máa yí jẹ́jẹ́, omi ń kán sí i láti inú agolo mílíìkì. Nígbà tí ihò dé agbede méjì, ó yí táìlì padà, ó lù ú láti ẹ̀yìn wá pàdé rẹ̀. Láti ìyálẹ̀ta di ọ̀sán. Kò sán.

Ọ̀jẹ̀túndé gbé e sójú oòrùn. "Ẹ kú iṣẹ́, Bàbá Rùkáyátù. Ọgọ́ta ni mo fẹ́ kó tó di ọjọ́ Ẹtì. Ẹ ki abẹ́rẹ́ yẹn bọ ẹnu ẹ̀rọ."

"Ọ̀gá, kò lè gba ooru."

"Ẹ̀yin náà, ṣé ẹ lè gba ilé lọ?"

Láìsí owó iṣẹ́ yìí, kò sí ìgbéyàwó. Sàláúdéènì yọ àwọn abẹ́rẹ́ náà fún Hàmídù. "Máa ta omi sí i."

"Omi àti iná? Bàbá, ṣé sàráà mi ni ẹ fẹ́ jẹ ni?"

Gbígbẹ ni Hàmídù lu àwọn táìlì náà. Irin náà han, ó rú èéfín, ó di àwọ̀ aró, ó rọ̀ bí òjé. Sàláúdéènì wò ó bí ẹni tí ń wo òjò tí ń pa ilé onílé. Ó fi èkejì lé e lọ́wọ́. Ó fi ẹ̀kẹta lé e lọ́wọ́. Nígbà tí ó di ọjọ́ Ẹtì, ihò ọgọ́ta pé.

Àwọn àlejò dé, wọ́n fi táwẹ́ẹ̀lì kọ́, wọ́n lọ.

Lóṣù Kejì, n'Ílọrin, ìlẹ̀kẹ̀ oníke ni Rùkáyátù so mọ́rùn lọ́jọ́ ìgbéyàwó rẹ̀.

"Bàbá, lántànà mi ńkọ́?"

Ó tú etí aṣọ. "Òun nìyí."

Rùkáyátù yí ọ̀kan wò. "Wọn ò ní ihò."

"Wọn ò ní."

Abẹ́rẹ́ mẹ́ta ni ó bá iṣẹ́ náà lọ. Òkúta mọ́kànlá padà sínú aṣọ, wọ́n pupa, wọ́n dán, okùn kankan kò lè gba inú wọn kọjá.