Ẹni Tó Ń Gbé Inú Ilé Nolberto

Láti ìgbà tí Nolberto ti kú, omi tí Otilia ìyàwó rẹ̀ ń gbé sílẹ̀ fún un nínú ilé kékeré kan lójú títì kì í ṣẹ́kù. Kì í ṣe pé omi náà ń gbẹ. Ẹnì kan máa ń mu ún tán, á fọ ife, á sì da ojú rẹ̀ dé lẹ́yìn tó bá fọ̀ ọ́ tán. Èyí gan-an ló ń kọ Otilia lóminú, nítorí Nolberto kò fọ ife rí títí tó fi kú.

Ẹ̀gbẹ́ títì tó lọ sí ìlú Talca ni ilé kékeré náà wà, níbi ìyípo ọ̀nà tí mọ́tò Nolberto ti ré bọ́ sínú odò Maule. Ibi tí èèyàn bá kú sí lójú ọ̀nà ni wọ́n ti ń kọ́lé fún un lágbègbè yẹn, ilé tí kò ga ju orúnkún lọ, tó ní òrùlé àti ilẹ̀kùn, torí wọ́n gbà pé ibẹ̀ ni ọkàn òkú ń gbé, kì í ṣe inú sàréè. Animita ni wọ́n ń pè é. Otilia fúnra rẹ̀ ló po sìmẹ́ńtì tí wọ́n fi kọ́ ti Nolberto, òun náà ló fi ọ̀dà funfun kọ orúkọ ọkọ rẹ̀ sára ilẹ̀kùn. Kò pẹ́ tí àwọn awakọ̀ fi ń fun fèrè kí Nolberto bí wọ́n bá ń kọjá, tí wọ́n sì ń sọ káàkiri pé àdúrà ń gbà níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà dun Otilia. Ọkùnrin tí òun bẹ̀ títí pé kó bá òun tún òrùlé tó ń jò ṣe, tó kọ etí ikún sí i, ṣé òkú rẹ̀ ni yóò wá máa gbọ́ ẹ̀bẹ̀ àjèjì?

Ṣùgbọ́n ohun tó bí i nínú jù ni pé òun ti kìlọ̀ fún un. Lọ́jọ́ tó kú, ó ní kí àwọn méjèèjì wọ rélùwéè. Nolberto rẹ́rìn-ín, ó ní rélùwéè wà fún ìyá arúgbó àti adìyẹ, ó sì kó sínú mọ́tò. Nígbà tí Fadá wá ń sọ níbi ìsìnkú pé àkókò rẹ̀ ló tó, Otilia sọ ọ́ jáde lójú gbogbo èèyàn pé àkókò kankan kò tó, agídí ló pa á. Ẹni a wí fún, ọba jẹ́ ó gbọ́.

Àgàgà pé Eliseo, ọmọ kan ṣoṣo tó bí, ti wá gbé ìwà náà wọ̀ bí ẹ̀wù. Ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ ṣe ìsàmì fún ọmọ Eliseo ní Talca, ìyàwó rẹ̀ ti gbé ọmọ lọ síwájú, ó wá ku Otilia àti Eliseo. Otilia ní rélùwéè ni kí wọ́n wọ̀. Eliseo ní mọ́tò ni.

“Màmá, gbogbo àgùntàn tó bá nawọ́ létí odò ni rélùwéè yẹn ń dúró gbé,” ó ní. “Ẹ jẹ́ ká lọ jàre. Papá ń ṣọ́ mi ní ìyípo yẹn. Tí mo bá ti fun fèrè, wọ́n á dá mi lóhùn.”

Otilia bi í bí òkú ṣe ń dáhùn. Eliseo ní bí ìgbà téèyàn bá rọra fi ọwọ́ gbá òrùlé mọ́tò ni, lẹ́ẹ̀kan péré. Ó ń rẹ́rìn-ín bó ṣe ń sọ ọ́.

“Ẹni tí kò lè ṣọ́ orí ara ẹ̀, òun ló máa ṣọ́ tìẹ?” Otilia ní. “Ẹni bíni là á jọ lóòótọ́. Máa lọ. Mi ò bá ẹ lọ.”

Ó gbé báàgì rẹ̀, ó sì gba ọ̀nà ibùdó rélùwéè lọ, ó ń dá sọ̀rọ̀. Kò tíì wọ rélùwéè láti ọjọ́ tí ọkọ rẹ̀ ti kú, torí òdìkejì odò ni irin rẹ̀ gbà, èèyàn ò sì lè sọ̀ níbi ilé kékeré náà.

Èrò kò pọ̀ nínú rélùwéè náà. Obìnrin kan ń ta búrẹ́dì tí wọ́n yan nínú eérú gbígbóná àti ẹyin bíbọ̀. Otilia ra ẹyin kan, ṣùgbọ́n méjì ni obìnrin náà kó sí i lọ́wọ́, ó ní ìkejì wà fún bàbá. Otilia fẹ́ bi í pé bàbá wo. Ló bá gbójú sókè.

Nolberto ló jókòó níwájú rẹ̀ létí fèrèsé, nínú kóòtù tí wọ́n fi sin ín. Irun rẹ̀ tutù, àmọ́ ara ìjókòó gbẹ. Ẹ̀rù ì bá ba ẹlòmíì. Inú ló bí Otilia.

“Arúgbó,” ó rọra wí, kí àwọn èèyàn má bàa gbọ́. “Kí lò ń ṣe níbí?”

“Ìwọ lo ní kí n wọ rélùwéè,” Nolberto dáhùn. “Nígbà tí mo jáde nínú odò, òun ni mo rí.”

“Mo ń kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì nínú òjò láti ọjọ́ yìí wá, mò ń tan àbẹ́là, o wá jókòó síbí, ò ń wo odò?”

Nolberto ní ẹnikẹ́ni kò sọ fún òun pé wọ́n ń tan àbẹ́là. Ó sọ ọ́ bí ìgbà tó bá gbàgbé láti ra iyọ̀ bọ̀ láti ọjà, bó ṣe máa ń sọ ọ́ nìyẹn nígbà tó wà láyé. Otilia fẹ́ bú u. Àfi bí ọ̀rọ̀ omi ṣe sọ sí i lọ́kàn.

“Ta ló wá ń mu omi yẹn?”

Ọkọ rẹ̀ yíjú kúrò ní fèrèsé. Ó wo ọwọ́ ara rẹ̀ lórí itan.

“Ẹnì kan dúró láàárín títì lọ́jọ́ yẹn,” ó ní. “Òun ni mo yà fún. Kò lójú, kò nímú. Kò nílé nígbà yẹn, kò sì lórúkọ. Ìwọ lo kọ́lé fún un, Otilia. O kọ orúkọ mi sára ilẹ̀kùn ẹ̀, gbogbo mọ́tò sì ń fi orúkọ yẹn kí i. Ó ti gbà pé òun ni Nolberto báyìí. Ó gbà pé òun ló bí Eliseo.”

Ara Otilia bù máṣọ. Gbogbo àbẹ́là yẹn, gbogbo ìkúnlẹ̀ yẹn, olè kan ló ń gbà á. Ó yọ fóònù, ó pe Eliseo, kò wọlé, torí àárín òkè méjì ni wọ́n wà. Ó ń tẹ̀ ẹ́ ṣáá títí rélùwéè fi bọ́ sí gbalasa.

“Màmá, ẹ má bínú mọ́,” Eliseo ní, ohùn rẹ̀ dùn. “Mo ti bá yín tan àbẹ́là níbi Papá. Mo rí bàbá kan níbẹ̀ tó ń lọ sí Talca, mo gbé e. Ó wà lẹ́yìn. Ó fi fìlà bojú, àmọ́ ó mọ̀ yín o. Ó mọ orúkọ ọmọ mi pàápàá.”

“Dá mọ́tò dúró. Sọ̀kalẹ̀.”

“Ẹ tún ti bẹ̀rẹ̀, Màmá.”

Ẹ̀rín bàbá rẹ̀ gan-an ló rín. Otilia mọ̀ pé òun lè sọ̀rọ̀ títí ẹnu òun á fi bó, ọkùnrin kan ò gbọ́ràn sí òun lẹ́nu rí nínú ilé yẹn. Ó na fóònù sí ọkọ rẹ̀.

“Ohun tó o bà jẹ́ nìyí,” ó ní. “Tún un ṣe.”

Nolberto gbà á. Ìka rẹ̀ kan ti Otilia, ó tutù bí òkúta inú odò.

“Eliseo,” ó ní. “Ohun tí ìyá ẹ bá sọ ni kó o ṣe. Èmi ò ṣe é. Bọ́ sílẹ̀, ọmọ mi.”

Otilia gbọ́ bí táyà ṣe han. Ó gbọ́ ìró ilẹ̀kùn, lẹ́yìn náà atẹ́gùn. Fóònù ti wà lórí ìjókòó. Nígbà tó gbé e sétí, èémí Eliseo ló kọ́kọ́ gbọ́.

“Màmá, mo ti wà nílẹ̀. Ohùn Papá nìyẹn. Níbo ni ẹ ti rí Papá?”

Otilia gbójú sókè kó lè sọ fún Nolberto pé ó ṣe dáadáa lẹ́ẹ̀kan láyé rẹ̀. Kò sí ẹnì kankan létí fèrèsé mọ́. Ìyẹn náà bí i nínú, pé ó tún lọ láìdágbére.

“Mọ́tò ńkọ́?” ó bi Eliseo.

“Bàbá yẹn ti gbé e lọ.” Eliseo ń sáré sọ̀rọ̀. “Bí mo ṣe bọ́ sílẹ̀ ló ti wà lórí àga awakọ̀. Màmá, ó ti bi mí ní orúkọ ṣọ́ọ̀ṣì náà kẹ́ ẹ tó pè. Mo sọ fún un. Ó ní kò yẹ kí bàbá àgbà pẹ́ dé ibi ìsàmì ọmọ ọmọ rẹ̀.”

Otilia pe ìyàwó Eliseo. Fóònù náà ń dún, kò sẹ́ni tó gbé e; wọ́n ti wọ ṣọ́ọ̀ṣì. Ó dìde, ó ń di ìjókòó mú títí ó fi dé ẹnu ọ̀nà awakọ̀, ó sì ń fi ẹ̀ṣẹ́ gbá ilẹ̀kùn rẹ̀. Ó bú rélùwéè náà, ó ní ìgbín tó wà nílẹ̀ yá jù ú lọ. Kò sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ sí i rí láti kékeré rẹ̀. Awakọ̀ ṣílẹ̀kùn díẹ̀, ó ń wò ó tìyanutìyanu.

“Ọmọ ọmọ mi wà ní ṣọ́ọ̀ṣì,” Otilia ní. “Mọ́tò kan ń bọ̀ wá bá a níbẹ̀. Ṣé a lè ṣáájú rẹ̀ dé?”

“Ìyá,” awakọ̀ rọra dá a lóhùn, “ẹ̀yin náà mọ̀. Mọ́tò ló máa ń kọ́kọ́ dé.”