Ẹyọ Kan Tó Kù Fún Bàbá

Ẹni tó bá fẹ́ pè mí ní òpùrọ́, kó pè mí. Olùkọ́ ìṣirò ni mí. Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo ti ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ pé méjì àti méjì kò lè di márùn-ún, n kò sì ní torí ìtàn kan ba orúkọ ara mi jẹ́. Ohun tí ojú mi rí, tí etí mi gbọ́, ni mo fẹ́ sọ.

Eré kan wà tí a máa ń ṣe nílé wa lọ́sàn-án Sátidé láti kékeré. Kálukú á mú ìwé kan, á dá ènìyàn kan sílẹ̀ lórí rẹ̀: ọdẹ ni o, jagunjagun ni o, èyí tó bá wù ú. Màámi á máa sọ ìtàn ibi tí àwọn ènìyàn wa rìn dé, àwa á sọ ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe, dáìsì bíi ti lúdò á sì sọ bóyá ó ṣeé ṣe. Bí iye ẹ̀mí tí a kọ sórí ìwé rẹ bá tán, o kú nìyẹn. Màámi kì í ṣàánú. Ẹranko eléèémí iná wọn ti pa mí lẹ́ẹ̀mọkànlá.

Ìwé òfin eré náà ní kí oníkálukú ju dáìsì kan ṣoṣo, kó lè mọ iye ẹ̀mí tó máa fi bẹ̀rẹ̀. Lọ́jọ́ tí àbúrò mi kọ́kọ́ jù ú, ẹyọ kan ló bọ́ sí. Eku pa á lẹ́nu ọ̀nà. Ó sunkún títí ojú rẹ̀ fi wú. Bàbá, káfíńtà tó kan tábìlì tí a fi ń ṣeré, ti ìwé òfin náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Irú kí nìyí? Ọmọ á wá sáyé, kò tíì jáde nílé, eku á ti pa á?"

Bí òfin ilé wa ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ẹni tó bá ní púpọ̀ lè bu ẹ̀mí fún ẹni tí tirẹ̀ kéré. Ọwọ́ ara rẹ̀ ni yóò fi kọ ọ́. Ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ ṣẹ́ ẹyọ kan kù fún ara rẹ̀, torí Bàbá ní òkú kì í fúnni ní nǹkan.

Pẹ́ńsù pupa pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ń fa ìlà sára pákó ni Bàbá fi ń kọ tiwọn. Ọ̀bẹ ni wọ́n fi ń gbẹ́ ẹ. Nígbà tí wọ́n kú lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, èmi ni mo fi pẹ́ńsù náà sí àpò ẹ̀wù tí a fi sin wọ́n. A ò ṣeré yẹn mọ́.

Àbúrò mi, Jẹ́jẹ́ la ń pè é, torí kò ṣe jẹ́jẹ́ rí láyé rẹ̀. Sáré síbí, fò sọ́hùn-ún. Àfi ìgbà tí ọkàn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í daṣẹ́ sílẹ̀. Dókítà ní Mọ́ńdè ni wọ́n máa ṣiṣẹ́ abẹ fún un. Ní Sátidé tó ṣáájú, ó ní ká gbé àpótí eré wá.

Màámi yọ kọ́kọ́rọ́ lọ́rùn. Ìwé kan ṣoṣo ló kù nínú àpótí tí ẹni orí rẹ̀ kò tíì kú: ti Bàbá. Mọ́kànlélógójì ló wà lórí rẹ̀, pẹ̀lú gbogbo ẹ̀mí tí wọ́n jèrè lára ẹranko tí wọ́n pa. Màámi gbé e síwájú àga Bàbá. Òjò ń rọ̀.

Jẹ́jẹ́ ju dáìsì. Ẹyọ kan.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ rí i? Ó tún ti dé."

"Eré ni."

"Mo mọ̀ pé eré ni. Ẹ̀rù ń bà mí."

Ó dùn mí dé egungun. Mo ju tèmi, mo rí mẹ́rin, mo bu mẹ́ta fún un kíákíá. Tirẹ̀ di mẹ́rin. Kí ni mẹ́rin fẹ́ ṣe níwájú ẹranko Màámi?

Òjò dá. Kò fà lọ díẹ̀díẹ̀. Ó kàn dá. Aago ara ògiri náà dákẹ́. Ìgbà náà ni mo gbọ́ ọ. Ṣẹ̀ẹ̀. Ṣẹ̀ẹ̀. Ọ̀bẹ lára igi.

"Màámi?"

"Mo gbọ́. Ẹ jókòó."

Òórùn pákó tútù kún yàrá. Lẹ́yìn náà aago tún bẹ̀rẹ̀ sí í dún.

Jẹ́jẹ́ ló kọ́kọ́ wo ìwé rẹ̀. Ìlà pupa ti gba orí mẹ́rin rẹ̀ kọjá. Mẹ́rìnlá ló wà lábẹ́ rẹ̀, bí Bàbá ṣe máa ń kọ ọ́ gẹ́lẹ́. Lórí ìwé Bàbá, mọ́kànlélógójì ti di mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Mẹ́wàá jáde níbí, mẹ́wàá wọlé lọ́hùn-ún. Ìṣirò náà pé. Èèpo pẹ́ńsù pupa kan wà lórí àga Bàbá.

Màámi gbá a sínú àtẹ́lẹwọ́. "Ẹ jẹ́ ká máa ṣeré wa lọ," ni wọ́n wí. Ẹranko eléèémí iná kò yọjú lọ́jọ́ náà. Nígbà tí a ṣe tán, wọ́n ti àpótí pa, wọ́n fi kọ́kọ́rọ́ sọ́rùn.

Wákàtí méjì ni dókítà dá fún wa ní Mọ́ńdè. Ó di márùn-ún. Nígbà tó jáde, ó jókòó kó tó sọ̀rọ̀.

"Ó wà láàyè. Ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ dúró, ó sì pẹ́. A ti fẹ́ jáwọ́. Mi ò lè sọ ohun tó mú un padà."

A délé, Màámi ṣí àpótí. Ìlà pupa ti gba orí mọ́kànlélọ́gbọ̀n Bàbá kọjá. Ẹyọ kan ló kù. Mo wo ìwé Jẹ́jẹ́. Mẹ́rìnlá ṣì ni. Ọgbọ̀n ti jáde, kò sì síbi tó wọ̀ lórí ìwé.

Màámi ń sunkún, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. "Ó ṣẹ́ ẹyọ kan kù. Bàbá yín kì í rú òfin."

Mo fẹ́ sọ pé òfin kan náà ló ní òkú kì í fúnni. Dípò bẹ́ẹ̀, mo padà lọ sílé ìwòsàn, mo jókòó ti àbúrò mi, mo ń wo àyà rẹ̀ bó ṣe ń lọ sókè, tó ń bọ̀ wálẹ̀.

Nígbà tára rẹ̀ yá, ó jókòó sídìí tábìlì, ó fi báírò bu méje nínú ẹ̀mí rẹ̀ fún Bàbá. Tiwọn di mẹ́jọ. Màámi ti àpótí pa. Ní Sátidé kejì, a ṣí i. Ìlà pupa wà lórí mẹ́jọ. Ẹyọ kan. Ti Jẹ́jẹ́ ti padà di mẹ́rìnlá. Èèpo pẹ́ńsù tún wà lórí àga.

Jẹ́jẹ́ tún na ọwọ́ mú báírò. Màámi gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

"Fi í sílẹ̀," ni wọ́n wí. "Ìgbà wo lo rí bàbá rẹ tó gba nǹkan padà lọ́wọ́ ọmọ?"