Abẹ Kan fún Gbogbo Agboolé

Ní Òjòwò, ní Ìjẹ̀bú-Igbó, ọkùnrin kan wà tó ń jẹ́ Gbénró, ẹnu rẹ̀ kì í sinmi. Gbẹ́rẹ́ ló ń sín. Àwọn tó ń gé gẹdú nínú igbó ni oníbàárà rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Bí ejò bá bù wọ́n jẹ, tàbí tí wọn ò fẹ́ kí ejò bù wọ́n jẹ, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n ń sá lọ. Ó níyì láàrin wọn, ó sì mọ̀ pé òun níyì. Ìyẹn gan-an ni wàhálà rẹ̀.

Nígbà tí ìròyìn Ẹ̀bólà dé lọ́dún 2014, oníkálukú ń ṣe ohun tó yé e. Àwọn kan ń fi omi iyọ̀ wẹ̀, wọ́n tún ń mu ún títí inú fi ń run wọ́n. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn èèyàn ò bọ ara wọn lọ́wọ́ mọ́. Gbénró fi gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Ó gbé pátákó síta, ó kọ ọ́ gàdàgbà sí i pé: GBẸ́RẸ́ Ẹ̀BÓLÀ WÀ NÍBÍ.

"Ẹ̀bólà tó bá mọ orúkọ mi," bẹ́ẹ̀ ló máa ń wí, "kò ní gba Òjòwò kọjá."

Ohun kan wà tó fi ń yangàn. Abẹ kan ṣoṣo ló fi ń sín gbẹ́rẹ́ fún agboolé kan, láti orí bàbá dé orí ọmọ. Ó ní bí abẹ ṣe ń ti ara ẹnì kan bọ́ sí ara ẹnì kejì ni oògùn ṣe ń so wọ́n pọ̀, pé ẹni tó bá pààrọ̀ abẹ ti já okùn náà. Bó bá rọ̀ ọ́ lọ́rùn, á tún fi abẹ kan náà sín agboolé méjì. Àwọn èèyàn gbà á gbọ́. Èmi ò bá wọn wí, ẹ̀rù ń bà wọ́n. Ẹni tó ń tà á fún wọn ni mo ní ọ̀rọ̀ bá sọ.

Lará, ọmọ kan ṣoṣo tó bí, ń kàwé ní yunifásítì ní Àgọ́-Ìwòyè. Ní àárọ̀ ọjọ́ tó fẹ́ padà síléèwé, oníbàárà kan ti Ìwópin dé. Mùbàṣírù lorúkọ rẹ̀. Ojú rẹ̀ pọ́n, ara rẹ̀ sì gbóná. Gbénró kò bèèrè ibi tó ti ń bọ̀ kó tó dé Ìwópin. Ó sín in ní gbẹ́rẹ́, ẹ̀jẹ̀ yọ, ó fi àkísà nu abẹ, ó sì pe Lará.

Rachel ìyàwó rẹ̀, ọmọ ìjọ Aládùúrà, rìn sún mọ́ ọn. "Bàbá Lará, ẹ jọ̀ọ́, ẹ mú abẹ tuntun. Ara ọkùnrin yẹn gbóná."

"Ṣé ìwọ lo fẹ́ wá kọ́ mi níṣẹ́?"

"Dádì, mi ò fẹ́," ni Lará wí. "Wọ́n ti sọ fún wa níléèwé pé inú ẹ̀jẹ̀ ni àrùn náà ń gbà."

"Ọmọ tí mo bí ni yóò máa sọ ohun tó ń pa èèyàn fún mi? Na ọwọ́ rẹ."

Ọmọ náà na ọwọ́, torí pé bàbá rẹ̀ ni. Gbénró sín in, ó sín ara rẹ̀. Ní ọ̀sán, ó gbé abẹ yẹn kan náà lọ sílé Ọlátúbọ̀sún agégẹdú, ó sín gbogbo ilé títí dórí ọmọ ọwọ́.

Ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn náà, Gabriel dé. Wolé-wolé ni ní ìjọba ìbílẹ̀, ọmọ ìjọ Mẹ́tọ́díìsì, òun àti Gbénró sì ti jọ ń ṣọ̀rẹ́ láti kékeré. Ó dúró sẹ́nu ọ̀nà, kò na ọwọ́.

"Ó ti di pé o ò lè bọ̀ mí lọ́wọ́?" ni Gbénró bi í.

"Torí mo fẹ́ràn rẹ ni. Gbénró, Làìbéríà ni Mùbàṣírù ti dé. Wọ́n ti yà á sọ́tọ̀ ní ọsíbítù, wọ́n sì ti gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lọ fún àyẹ̀wò. Ó ní ìwọ lo sín òun ní gbẹ́rẹ́. Ta ni abẹ yẹn tún kàn?"

Gbénró mọ àwọn tó kàn. Ṣùgbọ́n ìgbéraga kò jẹ́ kó sọ òtítọ́. "Kò kan ẹnikẹ́ni. Mo ti jù ú nù."

"Mi ò wá láti mú ọ," ni Gabriel wí. "Àrùn yìí kì í gba inú afẹ́fẹ́. Ẹ̀jẹ̀ ẹni tó ń ṣe, èébì rẹ̀, ìgbẹ́ rẹ̀, òógùn rẹ̀, òkú rẹ̀ pàápàá, ibẹ̀ ló ń gbà. Ẹni tí àìsàn náà kò tíì hàn lára rẹ̀ kì í kó o ranni. Bí a bá tètè mọ àwọn tó kàn, a ó máa yẹ ara wọn wò fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, a ó sì dá a dúró. Bí a ò bá mọ̀ wọ́n, ẹni tó fẹ́ràn wọn jù, tó ń tọ́jú wọn, ni yóò kọ́kọ́ mú."

"Jáde nílé mi. Ìjọba ló rán ẹ pé kí o wá ba iṣẹ́ mi jẹ́."

Gabriel jáde. Kò tíì rìn jìnnà tí fóònù Gbénró fi dún. Lará ni.

"Dádì, ara mi gbóná, mo sì ń bì. Grace tí a jọ ń gbé yàrá fẹ́ bá mi nu èébì náà. Ṣé kí n jẹ́ kó nù ún?"

"Má jẹ́ kó fọwọ́ kàn án!"

Ẹ gbọ́ ohun tó jáde lẹ́nu rẹ̀. Ọkùnrin tó gbé pátákó síta, tó fi Ẹ̀bólà ṣe yẹ̀yẹ́, kò gba gbẹ́rẹ́ ara rẹ̀ gbọ́ nígbà tó kan ọmọ rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ gbọ́ ọ. Ó ju fóònù sílẹ̀, ó sáré sójú títì, ó ń pe orúkọ Gabriel, ó sì kúnlẹ̀ lẹ́bàá gọ́tà lójú gbogbo ayé.

"Mo purọ́," ló wí. "Ó kan Lará. Ó kan èmi. Ó kan ilé Ọlátúbọ̀sún, àti ọmọ ọwọ́ wọn."

Gabriel kọ́kọ́ tẹ àwọn elétò ìlera láago kí wọ́n lọ bá Lará àti ilé Ọlátúbọ̀sún. Lẹ́yìn náà ni òun náà kúnlẹ̀ ní òdìkejì gọ́tà, kò fọwọ́ kan ọ̀rẹ́ rẹ̀.

"Gbénró, ẹ̀jẹ̀ tí o ń ta sílẹ̀ káàkiri kò gba ẹnikẹ́ni là. Ẹ̀jẹ̀ kan ṣoṣo ló lè wẹ gbogbo ayé mọ́, ti Jésù Olúwa ni. Ó ta á sílẹ̀ fún òpùrọ́ bíi tìrẹ."

"Ṣé yóò wo Lará sàn?"

"Mi ò mọ̀, mi ò sì ní tàn ọ́. Dókítà yóò tọ́jú Lará, a ó sì máa gbàdúrà. Ṣùgbọ́n bí Lará yè, bí kò yè, ẹlẹ́ṣẹ̀ ni ọ́. Ọ̀rọ̀ tìrẹ ni mo ń sọ."

Gbénró sunkún. Ó ní, "Olúwa, mo mọ̀ pé irọ́ ni gbẹ́rẹ́ yẹn, mo sì ń tà á. Gbà mí. Mi ò ní bò ó mọ́lẹ̀ mọ́."

Ọjọ́ yẹn ló wó pátákó rẹ̀. Ó dúró lókèèrè sí ilé Ọlátúbọ̀sún, ó jẹ́wọ́ fún wọn. Wọ́n ṣépè fún un, ó gbà á. Òun àti Rachel jókòó sílé, àwọn elétò ìlera ń wá wo bí ara wọn ṣe gbóná sí.

Èsì dé. Ibà jẹ̀funjẹ̀fun ló ń ṣe Mùbàṣírù. Ti Lará, ibà lásán ni. Kò sí Ẹ̀bólà lára ẹnikẹ́ni nínú wọn. Inú Rachel dùn débi pé ó jó yí ilé po.

Ẹ ò rí ọmọ aráyé. Kò pẹ́ tí Ọlátúbọ̀sún fi padà wá. "O kàn dójú ti ara rẹ lásán ni. Gbé abẹ jáde, jàre. Bí o ò bá sín wa, a ó lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn."

"Ẹ máa lọ," ni Gbénró dáhùn. "N ó tẹ̀lé yín débẹ̀, n ó sì sọ lójú ẹni náà pé irọ́ ló ń tà, torí èmi náà ti tà á rí. Àánú Ọlọ́run ni pé Mùbàṣírù kò ní Ẹ̀bólà. Ìyẹn kò sọ irọ́ mi di òtítọ́."

Títí di òní, ó ń bá Gabriel lọ sí àwọn ibi tí wọ́n ti ń la pákó, ó ń kọ́ àwọn èèyàn bí wọ́n ṣe ń fi ọṣẹ fọwọ́, ó sì ń wàásù Jésù. Wọ́n ń fi ṣe ẹlẹ́yà pé wolé-wolé Jésù ni. Ó ní orúkọ náà wu òun.

Ìwọ tó ń ka ìwé yìí ńkọ́? Bóyá o ò sín gbẹ́rẹ́ rí láyé rẹ. Ṣùgbọ́n o mọ ohun tí ò ń bò mọ́lẹ̀. O mọ ẹ̀ṣẹ̀ tí ò ń ṣe tó ti ń ran àwọn ará ilé rẹ. Ò ń sọ pé bó bá le tán, wàá ronú pìwà dà. Gbénró kò dúró de èsì kó tó ké pe Olúwa. Ìwọ ló ń dúró.

Kúnlẹ̀ níbi tí o wà lónìí, kí o sọ òtítọ́ fún Jésù. Ta ló sọ fún ọ pé èsì tìrẹ yóò jẹ́ ibà lásán?