Iná Òrùka Ara Mọ́tò Ọlájídé

Òótọ́ ni ọ̀rọ̀ yìí. Ẹni tí kò bá gbà á gbọ́ kò jẹ̀bi, nítorí Sùnmọ́nù tó ṣẹlẹ̀ sí gan-an kì í fẹ́ sọ ọ́. Tó bá sì ń sọ ọ́, ó níbi tó máa ń dé tí yóò dákẹ́.

Erúnmu, nítòsí Ìbàdàn, ni Sùnmọ́nù ti ń ṣiṣẹ́ réwáyà. Lábẹ́ igi máńgòrò kan lẹ́bàá ọ̀nà oko ló ti ń tún iná mọ́tò ṣe, ó sì ti lé lọ́gbọ̀n ọdún lẹ́nu iṣẹ́ náà. Lọ́jọ́rú kan nígbà òjò, ní nǹkan bí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, Motúnráyọ̀ wa mọ́tò dúdú kan dé. Olùkọ́ yunifásítì ni obìnrin yìí, àbúrò Ọlájídé sì ni. Ọlájídé àti Sùnmọ́nù jọ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá kan náà ni. Orí ẹní kan ni wọ́n jọ ń sùn, inú ike kan ni wọ́n ti jọ ń mu gààrí. Ó ti pé oṣù méje tí Ọlájídé kú.

"Ẹ kú iṣẹ́, Bọ̀dá Sùnmọ́nù. Mọ́tò bọ̀dá mi rèé."

"Mo mọ̀ ọ́n. Kí ló ṣe é?"

"Iná òrùka yìí ni. Ìgbà tó bá wù ú ló ń tàn. Mo lè pa súìṣì, kó máa tàn lọ. Mo lè tan án, kó kú."

Òrùka iná funfun méjì ni. Ọ̀kan yí iná iwájú ọ̀tún ká, èkejì yí tòsì. Kò bá mọ́tò náà wá. Ọlájídé ló rà á lọ́jà, tó fọwọ́ ara rẹ̀ so ó mọ́ ọn.

Sùnmọ́nù ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Lójú ẹsẹ̀ ló dá iṣẹ́ ọwọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ mọ̀. Bí Jídé ṣe máa ń lọ́ wáyà mọ́ra nìyẹn, ẹ̀ẹ̀mẹta, kó tó wá fi téèpù dúdú pọ́n ọn bí ìgbà tí ìyá ẹlẹ́kọ bá ń pọ́n ẹ̀kọ. Ọ̀gá wọn a máa bú u pé ó ń fi téèpù ṣòfò. Sùnmọ́nù rẹ́rìn-ín. Ó gbé ọwọ́ lé wáyà yẹn.

Ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ó yẹ fíùsì wò, kò jó. Ó ha ibi tí wáyà áàtì ti so mọ́ ara irin títí ó fi ń dán. Ó wá tú àpótí kékeré tó ń fún òrùka náà níná. Omi dà jáde nínú rẹ̀. Ó ti dípẹtà.

"Àìsàn rẹ̀ nìyí," ó wí. "Kò ṣeé tún ṣe. Ṣé kí n tú gbogbo rẹ̀ kúrò?"

Motúnráyọ̀ ní, "Ẹ tú u."

Ó yọ bátìrì, ó gbé e sílẹ̀. Ó gé wáyà òrùka méjèèjì. Òjò ti ṣú. Àwọn ẹyẹ orí máńgòrò dákẹ́. Kò sí ọ̀kadà kan tó kọjá.

Òrùka méjèèjì tàn.

Ìmọ́lẹ̀ náà funfun, ó sì ń ta sára ṣòkòtò Sùnmọ́nù. Ó wo bátìrì nílẹ̀. Ó wo orí wáyà tó gé, ó ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Bọ̀dá," Motúnráyọ̀ wí wẹ́lẹ́, "ṣé iná ṣì lè ṣẹ́kù sínú rẹ̀?"

"Ó lè ṣẹ́kù díẹ̀. Kò lè tó báyìí."

Iná náà kú. Ó ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀mejì kíákíá. Ó dúró. Ó tún ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan, ó wá ń tàn lọ.

Ara Sùnmọ́nù bù máṣọ. Nígbà tí wọ́n ń kọ́ṣẹ́, tí wọ́n bá ń yẹ iná wò, ẹnì kan á jókòó sídìí ọkọ̀, á máa tan súìṣì. Ẹnì kejì á dúró níwájú, á máa wò ó. Ariwo ẹ̀rọ kì í jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ara wọn, ni wọ́n bá sọ iná di àmì. Ẹ̀ẹ̀mejì, lẹ́yìn náà ẹ̀ẹ̀kan: ibí yìí ti sú mi, wá gba ipò mi, kí n bọ́ síta.

Àwọn méjèèjì nìkan ló mọ̀ ọ́n.

Ó gbọ́ tí ilẹ̀kùn dún. Motúnráyọ̀ ti ṣí ilẹ̀kùn awakọ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ti wà nínú.

"Má jókòó síbẹ̀, Mótún."

"Súìṣì ni mo fẹ́ wò."

"Má jókòó. Yọ ẹsẹ̀ ẹ."

Ohùn rẹ̀ kò ròkè. Obìnrin náà yọ ẹsẹ̀, ó ti ilẹ̀kùn. Ojú rẹ̀ ti yí padà.

"Bọ̀dá, ó dà bíi pé ẹnì kan sún fún mi."

Sùnmọ́nù fi ìka lu bọ́nẹ́ẹ̀tì lẹ́ẹ̀kan. "Jídé," ó wí, "mo ti rí i. Ṣùgbọ́n n kò ní wá. Mo ní ọmọ nílé."

Iná náà dúró díẹ̀, bí ẹni tó ń rò ó. Ó wá rọra kú. Òjò sọ̀ kalẹ̀.

Ọkọ̀ èrò ni Motúnráyọ̀ wọ̀ padà sí Ìbàdàn. Kò wá gbé mọ́tò náà mọ́, Sùnmọ́nù náà kò sì pè é. Ó ṣì wà lábẹ́ máńgòrò. Taya rẹ̀ ti jò, koríko ti gba abẹ́ rẹ̀. Kò sí ẹni tó tún rí i kí iná náà tàn.

Sùnmọ́nù ní kì í ṣe mọ́tò ló ń ba òun lẹ́rù. Àárò ni. Ọ̀gá wọn ti kú, Jídé ti kú, kò sí ẹni tó kù láyé tó mọ irú ọmọ ogún ọdún tí òun jẹ́. Lọ́jọ́ kan, kò pẹ́ rárá, òjò ká a mọ́ta lójijì, ó sì sáré wá ibi tí yóò yà sí. Kò mọ bó ṣe dé ìdí mọ́tò náà. Ó kàn rí ọwọ́ rẹ̀ lára ilẹ̀kùn awakọ̀ ni. Ilẹ̀kùn náà ti ṣí díẹ̀, kì í sì í ṣe òun ló ṣí i.

Ó tì í kó lè pa dé. Ó ní nǹkan kan tì í padà láti inú, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ìgbà téèyàn bá ń bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ ṣeré.