Ẹni Tí Àwọn Òyìnbó Fi Sílẹ̀ Nínú Ọkọ̀

Ẹ lè má gbà mí gbọ́. Ṣùgbọ́n inú ilé tí mo ń gbé títí di òní ni ọ̀rọ̀ yìí ti ṣẹlẹ̀, ní Ngomari, ní ìlú Maiduguri, lójú èmi àti Ìbídùnní ìyàwó mi. N ò bù mọ́ ọn.

Bàbá Jayéọlá, bàbá Ìbídùnní, ń gbé lọ́dọ̀ wa. Sójà ojú omi ni wọ́n kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Inú ọkọ̀ ogun kan ṣoṣo ni wọ́n ti ṣiṣẹ́, nídìí ẹ́ńjìnnì. Ọkọ̀ àlòkù ni. Àwọn ọmọ ogun òyìnbó ti lò ó pẹ́ kí wọ́n tó fà á lé ìjọba wa lọ́wọ́. Bàbá wà lára àwọn tó lọ gbà á wá.

"A sọ àsíá wọn kalẹ̀," wọn a máa wí. "A kun orúkọ wọn pa, a kọ tiwa. Wọ́n kó gbogbo ẹrù wọn. Ẹnì kan ni wọn ò mú lọ."

Bí a bá bi wọ́n pé ta ni, wọn a bọ́ sórí ọ̀rọ̀ mìíràn.

Nígbà tí ọyẹ́ yìí bẹ̀rẹ̀, ọ̀rẹ́ wọn kan tẹ̀ wọ́n láago láti Èkó. Ó ní wọ́n ti ta ọkọ̀ náà fún àwọn oníṣòwò irin. Wọ́n ti ń gé e. Bàbá gbé fóònù kalẹ̀.

"Ibo ni yóò wá máa gbé báyìí?"

Mo rò pé ọ̀rẹ́ wọn ni wọ́n ń sọ.

Lọ́sàn-án Sátidé tó tẹ̀lé e, mai ruwa tó máa ń fi ọmọlanke gbé omi wá fún wa ń rọ omi sínú táǹkì ẹ̀yìnkùlé. Eruku ti bo oòrùn. Àdúgbò pa rọ́rọ́. Lójijì, ó ju kẹ́ẹ̀gì sílẹ̀.

"Malam! Akwai mutum a ciki!"

Ó ní ènìyàn wà nínú ẹ̀. Ó sá lọ, kò mú ọmọlanke.

Mo sún mọ́ táǹkì. Mo gbọ́ ọ. Kò. Kò. Kò. Láti inú. Bí ìgbà tí irin bá ń lu irin. Ike sì ni táǹkì wa.

Mo gun àkàbà, mo ṣí ìdérí. Kò sẹ́ni kankan. Omi dúdú ń mì sọ́tùn-ún sósì. Òórùn epo ẹ́ńjìnnì gbá mi nímú. Mo tọ́ omi náà wò. Iyọ̀.

"Sọ̀ kalẹ̀ níbẹ̀."

Bàbá ni. Ìbídùnní di apá wọn mú.

"Bàbá, ẹ jẹ́ ká wọlé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dá a lóhùn."

"Láti ọjọ́ tí a ti gba ọkọ̀ ni mo ti ń dá a lóhùn, ọmọ mi. Kò lẹ́lòmíì."

Wọ́n fi ọ̀pá lu táǹkì lẹ́ẹ̀kan. Inú rẹ̀ dákẹ́. Wọ́n ṣí ẹnu ẹ̀rọ ìsàlẹ̀ táǹkì. Omi náà ṣàn sórí iyanrìn, iyanrìn ò fà á mu. Ó ń lọ tààrà sí ẹnu ọ̀nà ilé wa.

"Wọlé," ni Bàbá wí fún omi náà.

A ti gbé táǹkì náà jù nù. Bàbá ń jẹun dáadáa, wọ́n ń rẹ́rìn-ín ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n wọn ò jẹ́ ká wọ yàrá wọn mọ́.

Lánàá, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jókòó ní pálọ̀. Bàbá ń ka ìwé ìròyìn. Ìbídùnní ń bó ọsàn. Ẹnì kan wúkọ́ nínú yàrá Bàbá.

Ìbídùnní wò mí. Bàbá ṣí ojú ìwé kejì.

"Ẹ bá a bu omi," ni wọ́n wí. "Ọyẹ́ yìí ò bá a lára mu."

Ìbídùnní ò dìde. Èmi náà ò dìde.

Ẹni náà tún wúkọ́.